Iyọ̀ kò lè mú àwọ̀ dúró lára ìlẹ̀kẹ̀ dígí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ. Mo to ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò sí ọrùn búbù kan fún oníbàárà mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fọ̀ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ti funfun báláú. Ẹni tó ta ìlẹ̀kẹ̀ fún mi ní dígí gidi ni, pé mi ò sè é nínú omi iyọ̀ kí n tó rán an ni. Ṣíbí iyọ̀ mélòó ni kí n lò, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó lórí iná?

Ìdáhùn: Ṣíbí kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ti ba ọjà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ṣí ló máa ń di ẹ̀bi ru ẹni tó rà á.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Ní Abẹ́òkúta, ta ni kò mọ̀ pé iyọ̀ wúlò fún irú aró kan? Ṣùgbọ́n òwú ni aṣọ, òwú a sì máa mu omi. Aró á bá omi wọ inú fọ́nrán òwú, iyọ̀ á sì ràn án lọ́wọ́ kó lè wọlé dáadáa. Dígí kì í mu omi. Iyanrìn ni, tí wọ́n fi sóódà àti òkúta ẹfun sí, tí wọ́n sì yọ́ nínú iná ìléru. Inú iná yẹn náà ló ti ń gba àwọ̀ tó bá máa bá a kalẹ́: kóbálítì ń sọ ọ́ di búlúù, bàbà ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Nígbà tó bá ti tutù, kò sí ihò kankan lára rẹ̀ tí iyọ̀ tàbí álọ́ọ̀mù lè gbà wọlé lọ di àwọ̀ mú. Ẹ wo àwọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n hú jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ti lé ní 500 ọdún nínú ilẹ̀, búlúù wọn ṣì jẹ́ búlúù. Ẹnikẹ́ni kò sè wọ́n.

Ṣé ayédèrú dígí wá ni tiyín? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dígí lóòótọ́. Kó jẹ́ dígí lọ́tọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣí lọ́tọ̀. Ibi tí àwọ̀ wà ni kí ẹ máa béèrè. Ó lè wà nínú ara dígí fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í lọ. Ó lè jẹ́ pé inú ihò rẹ̀ ni wọ́n kùn, tí ara ìta sì mọ́ gaara bí omi. Oòrùn àti Hypo lè pa ìyẹn. Ó sì lè jẹ́ ọ̀dà lásán ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni kun ògiri. Èyí ló burú jù. Àwọ̀ àlùkò àti píǹkì ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí ó ṣòro láti mú wọn jáde nínú iná, ó sì wọ́n: wúrà ni wọ́n ń fi sínú dígí kí àwọn píǹkì kan tó jáde. Àwọn tó ń dán bíi góòlù náà, ẹ ṣọ́ wọn, òógùn ọrùn àti lọ́fíńdà máa ń bó ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Tí ẹ bá wá se irú ìlẹ̀kẹ̀ ọlọ́dà bẹ́ẹ̀, ooru ni yóò tú ọ̀dà náà. Tí ẹ bá sì da omi tútù lé e lójijì, dígí lè sán, kí ẹnu ihò rẹ̀ sì máa gé òwú.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó rán an nìyí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Nọ́ńbà 11, èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 2, máa ń tó nǹkan bí 110 hóró nínú gíráàmù kan, nítorí náà bí ẹ bá fi hóró 12 dán an wò, ọjà yín kò dín. (Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìlẹ̀kẹ̀ ń kéré sí i, 8 tóbi ju 11 lọ.) Ẹ rẹ mẹ́ta sínú àsítóònù tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ rẹ mẹ́ta sínú omi tí ẹ kán Hypo díẹ̀ sí, nínú abọ́ mìíràn. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ o, èéfín tó máa jáde léwu. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ to mẹ́ta sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi mẹ́ta tó kù pamọ́ sínú òkùnkùn, àwọn lẹ máa fi wé àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun tó rin nù wọ́n. Èyí tó bá ṣí, ẹ má rán an mọ́ aṣọ tí wọn yóò máa fọ̀. Mi ò rí tiyín, nítorí náà ìdánwò yìí ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi àti ti ẹni tó tà á lọ.

Àdìrẹ náà ní tirẹ̀. Ẹ ṣan án títí omi yóò fi mọ́ kí ẹ tó to ìlẹ̀kẹ̀ sí i, torí sóódà aró tó bá ṣẹ́kù sínú aṣọ lè jẹ ọ̀dà yẹn.

Òwú ìránṣọ lásán kò tó. Òwú ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tàbí ti pólíẹ́sítà ni kí ẹ lò, kí ẹ fà á lára ìda oyin. Àbẹ́là máa ń ṣí wúruwùru. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sítéè, aṣọ tí wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ kó lè le, sí abẹ́ ọrùn aṣọ. Ẹ to ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọlẹ̀, ẹ gbà á jáde láàárín ìkejì àti ìkẹta, ẹ tún gba inú ìkẹta àti ìkẹrin kọjá, kí ẹ tó to mẹ́rin mìíràn. Ẹ ta kókó lẹ́yìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 síra, kó má baà jẹ́ pé bí òwú bá já níbì kan, gbogbo ọrùn aṣọ á dà sílẹ̀.

Ti búbù oníbàárà yín, àwọ̀ tó ti lọ kò ní padà. Ẹ má fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún, yóò pa ihò dé. Ẹ gé òwú lẹ́yìn láàárín kókó méjì, ẹ tú apá ibẹ̀, ẹ fi èyí tó yege ìdánwò rọ́pò rẹ̀. Kí oníbàárà yín máa yí inú aṣọ síta kó tó fọ̀ ọ́, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, kó má fún un. Ẹ̀yìn aṣọ ni kó ti máa lọ̀ ọ́, lórí táwẹ́ẹ̀lì. Tó bá sì jẹ́ alágbàfọ̀ ló ń gbé e fún, kó béèrè irú oògùn tí wọ́n ń lò, torí òmíràn nínú wọn lè bó ìlẹ̀kẹ̀ bí àsítóònù.