Báwo ni ọkọ̀ ojú omi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ASCE, ẹgbẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ ìkọ́lé Amẹ́ríkà, fi kọnkéré ṣe fún ìdíje kì í fi í rì?
Ìrísí rẹ̀ ni, bíi ti ọkọ̀ onírin. Ibi tó ti le ni ìdánwò (ìrìbọmi gan-an ni!): wọ́n á rọ omi kún inú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ rì, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ padà léfòó. Kúbíìkì mítà kan kọnkéré lásán tó 2,400 kìló, ti omi jẹ́ 1,000. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo hóró gíláàsì tí inú rẹ̀ ṣófo dípò òkúta, tàbí kí wọ́n ki fóòmù sí orí àti ìdí ọkọ̀. Ẹ má po kọnkéré náà pẹ́ jù: hóró gíláàsì á fọ́, àpòpọ̀ á tún wúwo. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà ní tútù fún ọjọ́ 28. Tó bá tètè gbẹ, á là. Ẹ̀ka akẹ́kọ̀ọ́ tó bá borí ní ìdíje agbègbè á lọ sí ti gbogbogbò.