Wireshark mi ò rí nǹkan kan nínú VirtualBox

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke níbí, n'Ílọrin, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní ká ṣe iṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo wá gbé Ubuntu sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé (VM) nínú kọ̀ǹpútà, lórí láptọ́ọ̀pù Windows mi, mo fi Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá hàn, sí i. Ó ṣí o, àmọ́ ó kàn ń sọ "Permission denied" nípa dumpcap ṣáá. Mo ti fi orúkọ mi sí gúrúùpù wireshark, mo ti pa VM yẹn mo tún tàn án àìmọye ìgbà, pàbó ló ń já sí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa fi sudo (àṣẹ tó ń fúnni lágbára root, ọ̀gá pátápátá lórí Linux) ṣí i, ó sì ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tí VM fúnra ẹ̀ ń ṣe nìkan ló ń hàn, fóònù mi tí wọ́n jọ wà lórí hotspot kan náà ò hàn rárá. Ẹ gbà mí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wàhálà méjì lo kó pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan wà nínú Ubuntu, èkejì wà níta lọ́wọ́ VirtualBox àti Wi-Fi ẹ, sudo ò sì lè ṣe nǹkan kan sí tìta yẹn láéláé.

Ká mú ti inú ná. Wireshark tó ò ń wò yẹn kọ́ ló ń mú pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), dumpcap ló ń bá a mú un. Nígbà tó o ń fi í sórí Ubuntu, ó bi ẹ́ bóyá kí ẹni tí kì í ṣe root náà lè máa mú pákẹ́ẹ̀tì, "No" ló sì máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń tẹ Enter kọjá ni. Tẹ sudo dpkg-reconfigure wireshark-common, kó o mú "Yes", lẹ́yìn ìyẹn sudo usermod -aG wireshark $USER. Má yọ a yẹn kúrò o! Tó bá jẹ́ -G nìkan lo tẹ̀, á lé ẹ kúrò nínú gúrúùpù tó kù, títí kan sudo gan-an.

O ní o ti ṣe é, mo gbà. Bó o ṣe ń pa VM yẹn ni mo fura sí. Ṣebí a mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Tanke, tí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀ wàá kàn sáré tẹ X, wàá mú "Save the machine state", ó parí. Wàláì o ò pa á. Ó kàn sùn ni, tó bá jí, ibi tó wà náà ló ṣì wà, gúrúùpù tó mọ̀ nígbà tó o kọ́kọ́ wọlé náà ló ṣì ń lò. Dán èyí wò: tẹ groups nìkan, kó o tún tẹ id -nG pẹ̀lú orúkọ tó o fi ń wọlé. Tí wireshark bá wà nínú èkejì tí kò sí nínú àkọ́kọ́, a ti rí i mú nìyẹn. Restart Ubuntu láti inú ara ẹ̀, ó dájú ju log out lọ.

Ti sudo yẹn, mi ò bá ọ̀rẹ́ ẹ lọ. Gbogbo ìdọ̀tí tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá ni Wireshark máa ń tú wò, tí ẹnì kan bá rí ihò kan nínú ẹ̀ nígbà tó wà ní root, gbogbo Ubuntu yẹn ló gbà. Ìdí tí wọ́n fi ya dumpcap sọ́tọ̀ nìyẹn.

Ó ku ti fóònù. Wo IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) VM yẹn, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé 10.0.2.15 ni, NAT nìyẹn, bí ẹni tó ń gbé inú ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká, kò lè rí àdúgbò. Lọ sí Settings, Network, sọ ọ́ di Bridged Adapter, kó lè bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, kó o sọ Promiscuous Mode (gbígba pákẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tiẹ̀) tó wà ní Deny di Allow All. Ṣùgbọ́n má retí púpọ̀, torí Wi-Fi lò ń lò. Kọ́kọ́rọ́ tí fóònù ẹ ń lò lórí WPA2 (ààbò Wi-Fi) yàtọ̀ sí ti láptọ́ọ̀pù, bẹ́ẹ̀ VM ò tiẹ̀ mọ̀ pé Wi-Fi wà, bíi káàdì oníwáyà ló ṣe ń rí i. Má tíì lọ ra Wi-Fi USB kankan o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe monitor mode (gbígbọ́ gbogbo Wi-Fi tó wà nítòsí).

Tó bá jẹ́ èmi, VM mẹ́ta ni màá tò sórí Internal Network (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àárín àwọn VM nìkan) kan náà, méjì á máa ping ara wọn, ìkẹta tó ń ṣọ́ wọn ni màá fún ní Promiscuous Mode "Allow VMs". Ọwọ́ ni wàá fi tẹ IP wọn o, kò sẹ́ni tó máa pín in. Kò ní jẹ dátà ẹ rárá. Tó bá jẹ́ dandan kó jẹ́ fóònù, tan Mobile Hotspot Windows, so fóònù mọ́ ọn, kó o fi Wireshark sórí Windows gan-an. Ti Wi-Fi hostel, fi í lẹ̀, òfin Cybercrimes ọdún 2015 ò gbà ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, Ọ̀fà ni mo wà. VMware (ètò bíi VirtualBox) ni tèmi, orí Linux ló wà, ó ní promiscuous mode "is not allowed for security reasons". Mo sì ti wà ní root nínú VM.

ÌDÁHÙN: Root inú VM kọ́ ni VMware ń bèèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bọ́ síta sórí Linux tó gbé VMware, root ló ni /dev/vmnet0, fáìlì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì VMware ń gbà, níbẹ̀. Ẹ dá gúrúùpù kan sílẹ̀, ẹ wọ inú ẹ̀, ẹ fi chgrp gbé fáìlì yẹn fún gúrúùpù náà, kẹ́ ẹ ṣe chmod g+rw sí i kí gúrúùpù náà lè kà á, kó sì lè kọ sí i. Tẹ́ ẹ bá restart á tún padà sí bó ṣe wà, ẹ yáa kọ ọ́ sínú /etc/init.d/vmware.