Ẹ Bá Onílé Sọ̀rọ̀ Kí Àlejò Tó Dé

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Iléṣà ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn dókítà rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di àgbà, níṣẹ́ abẹ ní Kánádà. A fẹ́ máa rán wọn wá sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ọwọ́ wọn lè já gaara. Báwo ni kí a ṣe ṣètò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìgbàgbé ilé, Dókítà. Ohun tó kọ mí lóminú nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ ti mọ iye ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mẹ́nu ba dókítà àgbà kankan ní Iléṣà tí ẹ ti bá jíròrò. Wesley Guild, tó wà lábẹ́ ilé-ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì tirẹ̀, tí wọ́n ń kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe sínú ìwé nítorí ìdánwò tó wà níwájú wọn. Bí àlejò bá gba ọ̀bẹ, ọmọ ilé kan ti pàdánù nìyẹn. Nítorí náà, kí àdéhùn yín sọ ọ́ gbangba pé rẹ́sídẹ́ǹtì ilé ló ni iṣẹ́, kí àlejò máa ràn án lọ́wọ́, kí ó má sì ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dá ṣe ní Kánádà.

Ọ̀sẹ̀ 2 kò tó rárá. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Wesley Guild ní 1956, lo bí ọdún 5, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ló sì jọ dá ilé ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ìyá ti ń tọ́jú káàdì ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò bèèrè ọdún 5 lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n oṣù 2 kì í ṣe àṣejù. Èdè àwọn aláìsàn nìkan ń gba àkókò láti gbọ́: aláìsàn tó sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ òun lẹ́nu lè máa sọ nípa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìdí yíyọ tàbí ẹ̀yìn ríro. Àwa tí a bí síbí gan-an a máa tún un bi í léèrè. Ẹ sanwó fún nọ́ọ̀sì tí yóò kọ́ wọn lédè.

Ẹ tètè bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ MDCN, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún aláìsàn bá sì ṣèèṣì gún ẹnikẹ́ni, oògùn ìdènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Kí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ fún àlejò àti onílé.

Nínú lẹ́tà yín tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa iye rẹ́sídẹ́ǹtì Iléṣà tí ẹ̀yin náà yóò gbà lálejò.