Báwo la ṣe lè mú kí ará ìlú gbà láti dáàbò bo odídẹrẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìwó. Gbogbo ayé ló ń kì wá ní ọmọ odídẹrẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ò rí i rí àfi nínú àgò. Mo gbọ́ pé àwọn ará Saint Lucia gba ayékòótọ́ tiwọn lọ́wọ́ ìparun. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá sí i? Ṣé àwa náà lè ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ẹ lè ṣe é. Ẹ tilẹ̀ ti ní oríkì lọ́wọ́, ohun ńlá nìyẹn.

Erékùṣù kékeré ni Saint Lucia, ní òkun Kàríbéánì. Jacquot ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1975, bí 100 péré ló kù nínú igbó, torí wọ́n ń yìnbọn pa á jẹ, wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ tà, wọ́n sì ń gé igi tó ń yé sí. Gabriel Charles, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ igbó níbẹ̀, wá gba ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Butler, síṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n mú lọ́kùn-únkúndùn. Ẹnìkan á gbé ẹ̀wù ayékòótọ́ ńlá wọ̀, tìyẹ́ tàgógó, á wọlé tọ àwọn ọmọ lọ. Wọ́n á jó, wọ́n á kọ orin ẹyẹ náà, wọ́n á sì kọ ọ́ délé. Oníwàásù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníṣòwò ń tẹ àwòrán rẹ̀ sára ọjà. Ní 1979 tí wọ́n gba òmìnira, ó di ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn. Òfin tó le tẹ̀lé e ní 1980. Nígbà tí wọ́n fi máa kà wọ́n ní 2009, wọ́n ti ju 1,000 lọ.

Ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ tiwa ti di kánjúkánjú. Ní Ghana, ìwádìí tó jáde ní 2016 sọ pé láàárín 1992 sí ìgbà náà, ó dín kù tó ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn dópin.

Tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn babaláwo, àwọn olórìṣà àti ààfin. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́ tí wọ́n ń lò, kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré. Títí dé Brazil ni wọ́n ti ń so ó mọ́ iwájú orí ìyàwó òrìṣà tuntun. Bẹ́ẹ̀, odídẹrẹ́ máa ń pààrọ̀ ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti ní i nílé tẹ́lẹ̀ lè máa ṣa èyí tó bá já bọ́, kó kó o fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ dẹ tuntun nínú igbó. Bí àwọn àgbà yìí bá fẹnu ara wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ ọdún, ìlú á gbọ́ ju bí èmi tàbí ìjọba bá sọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ àwọn agégẹdú. Inú ihò igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé sí. Igi tó bá ti ní ihò, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ: bí wọ́n bá gbúròó ìtẹ́ níbikíbi, kí wọ́n má gbé àwòrán ibẹ̀ sórí WhatsApp tàbí Facebook. Àwọn tó ń kó ọmọ ẹyẹ tà náà ń wò ó.