Iye tí ẹ̀wù ilé-ìwé kan ń ná wa gan-an

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí owó kì í fi í ṣẹ́kù nínú aṣọ ilé-ìwé tí ẹ ń rán ní Ìbàdàn, bí ẹ tilẹ̀ ń fi 1,000 náírà lé owó aṣọ àti owó télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì rí ni pé owó tí ń jáde yálà a rán aṣọ tàbí a kò rán ni ó ń jẹ èrè wa.

Ẹ ro owó ṣọ́ọ̀bù, àtúnṣe ẹ̀rọ, owó ọdẹ àti epo jẹnẹrétọ̀ (èyí tí ó ti di ẹrù ńlá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023) pọ̀. Ẹ fi gbígbó ẹ̀rọ kún un: wífìn (ẹ̀rọ tí a fi ń dí etí aṣọ kí ó má baà tú) tí a rà ní 360,000 náírà, tí a retí pé yóò lo ọdún 5, ń jẹ 6,000 náírà lóṣù. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 240,000 náírà lóṣù. Bí ẹ bá pín in fún 400 ẹ̀wù tí ẹ̀rọ yín lè rán, 600 náírà ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 300 péré ni ó dára tí ẹ sì tà, 800 náírà ni, bí ẹ bá sì ti fi 600 náírà ṣírò, 60,000 náírà ni kò ní padà sápò yín lóṣù náà. Nítorí pé ìgbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé ni iṣẹ́ wa máa ń ya dé, ìnáwó ọdún kan gbáko ni kí ẹ pín fún ẹ̀wù tí ẹ tà lọ́dún náà.

Ní ti aṣọ, ẹ má ṣe wọn aṣọ ẹ̀wù kan kí ẹ wá fi iye ẹ̀wù tí ẹ fẹ́ rán sọ ọ́ di púpọ̀. Iye yáàdì tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì ni kí ẹ pín fún ẹ̀wù tí ó jáde. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń gé aṣọ, ẹ san owó ara yín, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá ṣàìsàn, ẹ ó san án fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ̀wù bá ná yín ní 4,000 náírà, tí ẹ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, 5,000 ni ẹ ó tà á. Bí ilé-ìwé bá wá gba ìdá 10 nínú iye yẹn, 500 náírà ti lọ, ìdajì èrè yín sì ni. Ẹ béèrè ohun tí wọn yóò gbà kí ẹ tó dá iye lé e. Iye tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági lónìí ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe iye tí ẹ fi ra èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye náà yóò parí sára ìwé iye owó tí ẹ bá fún ilé-ìwé.