Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fún Àwọn Ọmọ Kéékèèké: Ṣé Kí N Gbà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Olùkọ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kubwa, ní Abuja, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, nínú ẹ̀kọ́ pírámárì ni mo ní, pírámárì kẹta ni mo sì ń kọ́ ní gbogbo iṣẹ́: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì, títí dé orí àwòrán yíyà. Ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì mi. Gbagyi wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ígbò àti Yorùbá náà wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa pè mí pé àwọn fẹ́ rán ẹnì kan lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì, kí onítọ̀hún padà wá máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan káàkiri kíláàsì. Èmi ni wọ́n mú. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ ọ́ kiri pé Yorùbá tí kò lè pe "Zuba", orúkọ ìlú tó wà nítòsí wa, kó yanjú ló fẹ́ wá kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣé kí n gbà á, Mà?
— Tíṣà, Kubwa

ÌDÁHÙN: Gbà á, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí o tó dá wọn lóhùn, lọ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Zuba yẹn, torí ó kan èmi náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna ní 1984, ọmọkùnrin Hausa kan wà ní kíláàsì mi tó jẹ́ pé bí mo bá ti ní kó ka "pencil", "fensir" ló máa pè é. Mo nà án lẹ́gba. Lọ́jọ́ kejì, "fensir" ló tún jáde, mo tún nà án. Ìyá rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀wọ́, fensir ni àwọn ń pè é nílé. Òótọ́ ló sọ. Èdè Hausa kò ní ìró "p" yẹn. Ibi tí àwa ti ń pè é ní pẹ́ńsù, fensir ni tiwọn. Èdè ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà gbé wá sí kíláàsì. Èmi tí mo mú ẹgba lọ́wọ́, "sù" ni mò ń pe "zoo" nígbà náà, kò sì sí ẹni tó nà mí. Ó ti lé ní ogójì ọdún, mi ò tíì dárí ji ara mi.

Ká ní ẹnì kan ti jókòó tì mí kí n tó wọ kíláàsì yẹn, kó ṣàlàyé ìró èdè kọ̀ọ̀kan fún mi, mi ò ní fọwọ́ kan ọmọ náà. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Àwa Yorùbá kò ní "z", a kò ní "v", a kò ní "th". Hausa ní "z" dáadáa, "p" àti "v" ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Hausa sì mọ fáwẹ̀lì gígùn yàtọ̀ sí kúkúrú láti ilé, nítorí náà ọmọ Hausa lè tètè gbọ́ ìyàtọ̀ "ship" àti "sheep" ju ọmọ tiwa lọ. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ìró rẹ̀ sì tó 44. Ọmọ Yorùbá tó ti mọ̀ pé ohun tí a bá kọ náà ni a ń pè, wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé "cough", "though" àti "through" lórí pátákó kan náà.

Ní ti Zuba, fi ìka kan ọ̀fun rẹ, kí o pe "s" kó gùn. Ọ̀fun kò ní gbọ̀n. Má gbé ahọ́n kúrò níbi tó wà o. Fi ohùn sí i, ọ̀fun á máa gbọ̀n bí ìgbà tí oyin ń kùn. "Z" nìyẹn. Oyin gan-an ni Hausa ń pè ní "zuma". Fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é, kí o sì fi kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níwájú rẹ. Ẹni tó ti jìyà ìró kan rí ló mọ bí a ṣe ń fà á jáde lẹ́nu ọmọ.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ rán ọ lọ wá ńkọ́? NCE tí o ní kọ́ ọ láti kọ́ gbogbo iṣẹ́ pírámárì, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Ẹni tó sì lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ń kọ́ ọ láti di. Ìwé lítíréṣọ̀ ni yóò gbé padà wá, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ọmọ ọdún mẹ́fà láti orí "m" dé orí "mat". Àárín méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ wa ń já sí. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé inú gbọ̀ngàn ni ẹ máa jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ gírámà títí wọ́n á fi pín oúnjẹ, jọ̀wọ́ bẹ ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n wá òmíràn. Kíláàsì gidi ni kí wọ́n mú ọ wọ̀, kí o wo tíṣà mìíràn bó ṣe ń kọ́, kí ìwọ náà kọ́ ọmọ lójú wọn, kí wọ́n tọ́ka sí ibi tó kù sí, kí o tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ìwé kíkà lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọmọ bá lé ní àádọ́ta. Gírámà, o lè kà á nílé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì dé kíláàsì kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n sì fi olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ sí i. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, Yorùbá ni wọ́n máa ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni èmi kì í fẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Lóòótọ́, èdè kan ni kíláàsì Mọdákẹ́kẹ́ ń sọ, tìrẹ jẹ́ mẹ́rin. Ìjọba àpapọ̀ sì ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ní oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ wọn. Kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti di ẹnu ọ̀nà tí ìṣirò gan-an ń gbà wọlé, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù fún ọ. Kíláàsì mẹ́fà, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ẹ̀kọ́ nìyẹn. Bí ọmọ bá sì tó àádọ́ta ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìwé 300 ni wàá máa yẹ̀ wò. Bí ilé ìwé yín bá ní "A" àti "B", kò ṣeé ṣe fún èèyàn kan. Sọ fún ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé láti pírámárì kẹrin dé ìkẹfà ni kí o ti máa kọ́ wọn fúnra rẹ. Ní ti àwọn kéékèèké, kí tíṣà tó mọ orúkọ ìyá wọn máa bá wọn lọ, kí ìwọ máa jókòó pẹ̀lú tíṣà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o fi ohun tí o kọ́ hàn án. Gba ìwé ẹ̀rí tó bá wà níbẹ̀, kí o sì rí i pé orúkọ rẹ wà lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ilé ìwé ọmọ mi ní Nyanya ní àwọn ti gba tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe, pé ká má sọ Yorùbá sí ọmọ nílé mọ́, kó má baà dà á rú. Ìyá mi tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ọ̀fà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.
— Baba ọmọ, Nyanya

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí ìyá yín máa bá a sọ Yorùbá, sà. Ọmọ tó lè sọ ìtàn ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti mọ bí ìtàn ṣe ń lọ. Orúkọ nǹkan ni tíṣà kàn máa fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà tó bá mọ iṣẹ́ náà kò ní bẹ̀rù Yorùbá ọmọ. Ẹ lọ tọrọ àyè kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ ka iye ọmọ tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ tíṣà nìkan ló sọ̀rọ̀ títí aago fi lù, ẹ kọ̀wé sí mi padà.