Òṣùwọ̀n Àfọwọ́ṣe Tí Òǹkà Rẹ̀ Ń Sún Bí Oòrùn Bá Mú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe òṣùwọ̀n oníná kan tí mo gbé sábẹ́ ilé oyin mi, kí n lè máa mọ ìgbà tí afárá bá ń kún láì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i wò. Load cell alumíníọ̀mù kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀pá irin tí ń sọ ìwúwo di iná, tí ó lè gbé 100 kìló ni mo lò. Mo so ó mọ́ HX711, ẹ̀yà kékeré tí ń sọ iná náà di nọ́ńbà, Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà pẹ́ńpẹ́ kan, sì ń ka iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ilé oyin náà wúwo tó 40 kìló. Ní òwúrọ̀ kùtù, iye tí mo ń rí máa ń dúró sójú kan, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí yóò fi lé ní nǹkan bí 350 gíráàmù lọ́sàn-án, lálẹ́ á tún rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo ti pààrọ̀ HX711, mo sì ti pààrọ̀ bátìrì, pàbó ló já sí. Ṣé kí n ra load cell tí ó dára ju èyí lọ ni, àbí kí n wá àtúnṣe sínú kóòdù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ooru ló ń ṣiṣẹ́ lára irin òṣùwọ̀n yín, àmọ́ kì í ṣe ìṣìnà kan ṣoṣo ló ń dá sílẹ̀. Méjì ni wọ́n, orísun wọn yàtọ̀, wọ́n sì wọnú ara wọn débi pé àtúnṣe kan ṣoṣo nínú kóòdù kò lè ká wọn. Ọ̀kan ń sún òdo òṣùwọ̀n kúrò ní àyè rẹ̀, yóò sì máa ṣìnà bákan náà yálà ẹrù wà lórí òṣùwọ̀n tàbí kò sí. Èkejì ń yí bí òṣùwọ̀n ṣe ń fèsì sí ẹrù padà, nítorí náà bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù, ó yẹ kí ẹ mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó nínú 350 gíráàmù yẹn.

Àní 350 gíráàmù náà lè má jẹ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́sàn-án, àwọn oyin tí ń wá oúnjẹ kiri ti jáde. Oyin kan kò wúwo ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù lọ, ṣùgbọ́n bí 3,000 wọn bá jáde, nǹkan bí 300 gíráàmù ti kúrò lórí òṣùwọ̀n nìyẹn. Ó yẹ kí iye tí ẹ ń rí sọ̀ kalẹ̀, òun sì rèé tí ó ń gòkè.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ohun tí à ń wọ̀n ṣe kéré tó. Strain gauge mẹ́rin, ìyẹn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná ń gbà kọjá, ni a lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá alumíníọ̀mù náà. Bí ẹrù bá tẹ ọ̀pá, méjì nínú wọn á nà, méjì á sún kì, ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú wọn á sì yí padà díẹ̀. Tí load cell bá ń mú mílífóòtì 2 jáde fún fóòtì kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé, tí ẹ sì ń fún un ní fóòtì 5, odindi 100 kìló kò mú ju mílífóòtì 10 jáde. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé gíráàmù kan jẹ́ ìdá kan péré nínú mẹ́wàá màíkírófóòtì. Ohunkóhun tí ó bá ti lè dá màíkírófóòtì mélòó kan sílẹ̀ nínú wáyà ti di ẹrù èké lójú HX711.

Alumíníọ̀mù sì máa ń fẹ̀ bí ó bá gbóná. Fún 1 °C kọ̀ọ̀kan, mítà kan rẹ̀ ń fi nǹkan bí màíkírómítà 23 gùn sí i. Ó jọ ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ẹrù tí ó kún load cell dé góńgó, nǹkan bí màíkírómítà 1,000 lórí mítà kan ló ń na ojú ibi tí strain gauge wà. Nítorí náà, 10 °C péré ti nà án tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí 100 kìló ń nà án. Ohun tí ó ń gbà wá ni pé a to strain gauge mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìlànà Wheatstone bridge, ìyẹn ìsopọ̀ onígun mẹ́rin, tí ó fi jẹ́ pé bí ooru bá na gbogbo wọn dọ́gba, ọ̀kan á pa èkejì rẹ́, ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan ni yóò sì jáde.

Ọ̀rọ̀ wá kan “dọ́gba” yẹn. Bí oòrùn bá ń ta sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní ìbòòji, ìdáàbòbò náà ti jò. Kì í sì í ṣe fífẹ̀ irin nìkan ló ń wọlé níbẹ̀. Níbi tí wáyà bàbà ti pàdé constantan, ìyẹn irin tí wọ́n sábà fi ń ṣe strain gauge, ìsopọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń pèsè iná, nǹkan bí màíkírófóòtì 40 fún ìyàtọ̀ 1 °C. Bí ìsopọ̀ méjì tí ó yẹ kí ó pa ara wọn rẹ́ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì péré yàtọ̀ síra, màíkírófóòtì 4 ti yọ́ wọlé, 40 gíráàmù sì nìyẹn lórí òṣùwọ̀n yín. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì láìsí ẹrù, kí ẹ fi àtàǹpàkò kan ẹ̀gbẹ́ kan load cell náà, níbi tí gọ́ọ̀mù bo strain gauge, láì tẹ̀ ẹ́, fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Òǹkà á kúrò ní òdo, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo rò pé mo ti ba òṣùwọ̀n jẹ́ ni.

HX711 tí ẹ pààrọ̀ kò jẹ̀bi. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àlàyé rẹ̀ ti sọ, òdo rẹ̀ ń sún ní nǹkan bí nánófóòtì 6 fún 1 °C nígbà tí a bá jẹ́ kí ó sọ iná tí ó wọlé di ìlọ́po 128. Bí ọjọ́ bá tilẹ̀ fi 20 °C gbóná sí i, gíráàmù kan àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bátìrì náà kò jẹ̀bi, torí fóòtì tí a fi ń bọ́ load cell náà ni HX711 tún fi ń ṣe òdiwọ̀n. Bí ó bá sọ̀, méjèèjì á jọ sọ̀ ni.

Ìṣìnà kejì gan-an ni mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ tiyín, nítorí ẹrù kì í kúrò lórí òṣùwọ̀n yín. Alumíníọ̀mù ń rọ̀ bí ó bá ń gbóná. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 4 sí 5 nínú 10,000 fún 1 °C kọ̀ọ̀kan, ẹrù kan náà á sì máa tẹ̀ ẹ́ ju ti àárọ̀ lọ. Ẹ fi 40 kìló àti ìyàtọ̀ 15 °C ṣírò rẹ̀: 240 sí 300 gíráàmù ni yóò fún yín, yóò gòkè lọ́sàn-án, yóò sọ̀ lóru, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Nínú load cell tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe, wọ́n máa ń fi resistor kan tí ooru ń mú ìdènà rẹ̀ pọ̀ sí i sójú ọ̀nà iná tí ń wọlé, kí iná tí ó ń dé bridge lè dín kù ní ìwọ̀n tí irin fi rọ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wà láìní in. Títún òdo ṣe kò sì lè wo àìsàn yìí, torí òṣùwọ̀n tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ kò ní fi í hàn rárá.

Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ ooru kan, irú DS18B20, mọ́ ara irin load cell gan-an. Ẹ má fi í sínú afẹ́fẹ́, ẹ má sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Arduino. Ẹ fi téèpù dì í pinpin, kí ẹ sì fi fóòmù bò ó. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá fi ìdajì dígírì ṣìnà, kò ba nǹkan jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ òun kan náà ni ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ìyàtọ̀ láàárín ooru kan àti òmíràn ni a nílò. Lálẹ́, nígbà tí oyin bá ti wọlé tán, ẹ yọ òṣùwọ̀n kúrò lábẹ́ ilé wọn, kí ẹ fi nǹkan mìíràn gbé ilé náà dúró ní ojúkò rẹ̀. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sí tòsí níbi tí yóò ti rí oòrùn kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lófìfo fún ọjọ́ méjì gbáko, kí ó máa kọ ooru àti òǹkà tútù tí HX711 mú wá sílẹ̀, kì í ṣe gíráàmù tí kóòdù ti yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 20 méjì tí ẹ dé pa lé e fún ọjọ́ méjì mìíràn. Omi inú kẹ́ẹ̀gì kò ní fò jáde lọ wá òdòdó. Ẹ má ka wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ gbé ẹrù náà lé e, torí irin àti gọ́ọ̀mù tí ó di strain gauge mú ṣì ń fara balẹ̀ sábẹ́ ẹrù, òǹkà á sì máa rá díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ooru yí padà.

Ẹ wá ya àwòrán rẹ̀, ooru nísàlẹ̀, òǹkà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá fà bí ìlà tí ó tọ́, iṣẹ́ ti rọrùn. Bí ó bá gba ọ̀nà kan lọ láàárọ̀ tí ó gba ọ̀nà mìíràn bọ̀ lálẹ́, tí ó wá là bí òrùka, á jẹ́ pé ooru kò kárí load cell, tàbí pé sẹ́ńsọ̀ ń gbóná ṣáájú irin. Kò sì sí kóòdù tí ó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ fi ìbòòji yí òṣùwọ̀n ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi fóòmù wé load cell láì jẹ́ kí ó kan ibi tí ń tẹ̀, kí ooru lè máa yọ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dípò kí ó já lù ú. Bí ẹ bá dè é mọ́ pákó ní tààrà, pákó tí ń wú tí ó sì ń sún kì nítorí ọ̀rinrin á máa lọ́ ọ. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn sáàárín wọn. Bí kóòdù bá sì ń pa HX711 láàárín kíkà méjì láti ṣẹ́ iná kù, ẹ jẹ́ kí ó dúró fún iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà lẹ́yìn tí ó bá jí, kí ó tó kà, torí iná tí ń gba inú strain gauge náà ń mú un gbóná.

Ìṣírò ló kù. Ká ní láti 20 °C dé 35 °C, òṣùwọ̀n òfìfo fi 60 gíráàmù gòkè, èyí tí ó ru kẹ́ẹ̀gì sì fi 300 gòkè. Òdo ń sún ní gíráàmù 4 fún 1 °C nìyẹn, 240 tí ó kù sì jẹ́ ti irin tí ó rọ̀: gíráàmù 16 fún 1 °C lórí 40 kìló, ìyẹn ìdá 4 nínú 10,000. Bí òṣùwọ̀n bá wá ka 45,240 gíráàmù nígbà tí irin wà ní 30 °C, ìyẹn 10 °C ju 20 °C tí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yọ 40 kúrò nítorí òdo, kí ẹ wá fi 1.004 pín 45,200 tí ó kù, ẹ ó rí nǹkan bí 45,020. Yíyọ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú pípín. Pẹ̀lú gbogbo èyí, èmi ì bá ṣì gba iye tí a kà kí ilẹ̀ tó mọ́ gbọ́ ju ti ọ̀sán lọ, torí ní àkókò yẹn ooru ti kárí irin, oyin sì ti pé sílé.

Bí àwòrán yín bá ṣì rí bí òrùka lẹ́yìn ìbòòji àti fóòmù, ẹ lè wá ra òmíràn. Nínú ìwé tí ó bá a wá, ẹ wo ìlà méjì: iye tí òdo fi ń sún fún 10 °C àti iye tí èsì sí ẹrù fi ń yí padà fún 10 °C. Bí ti òdo bá jẹ́ 0.02%, gíráàmù 20 ni lórí load cell oní-100 kìló, nítorí agbára tí a kọ sí i lára ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ẹrù tí ẹ gbé lé e. Tí ẹ bá lọ ra oní-200 kìló nítorí pé ẹ fẹ́ èyí tí ó lágbára jù, 40 gíráàmù ni ìlà kan náà yóò dá lé yín lọ́wọ́.